Ẹ̀fọn tí oògùn kò ràn mọ́: ohun tí à ń rí l'Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ̀fọn kan kì í fi ara rẹ̀ kọ́ bí yóò ṣe borí oògùn. Kí oògùn tó dé rárá ni díẹ̀ nínú agbo ẹ̀fọn ti ní ìyípadà tó ń gbà wọ́n là. Oògùn pa àwọn yòókù, àwọn díẹ̀ yẹn ló kù tó ń yé ẹyin.

Ìyípadà tó gbajúmọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni èyí tí wọ́n ń pè ní kdr. Àwọn oògùn pyrethroid, bíi permethrin àti deltamethrin tó wà lára àwọ̀n ẹ̀fọn, máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà tí sodium ń gbà wọ inú iṣan ìmọ̀lára ẹ̀fọn. Ẹnu ọ̀nà náà kò ní lè tì mọ́, ẹ̀fọn á gbọ̀n, á ṣubú, á kú. Lára ẹ̀fọn tó ní kdr, ẹyọ èròjà kan péré nínú púrótéènì ẹnu ọ̀nà náà ló yí padà, ní ipò 1014: leucine di phenylalanine. Oògùn kò wá ríbi lẹ̀ mọ́ dáadáa. Ibẹ̀ náà ni DDT, oògùn kòkòrò àtijọ́, ń bá jà, nítorí náà ẹ̀fọn tó bọ́ lọ́wọ́ DDT lè bọ́ lọ́wọ́ oògùn àwọ̀n pẹ̀lú.

Ìwọ̀n oògùn ló ṣe pàtàkì jù, òun ni èèyàn kì í sì í wò. Ẹ̀fọn gba jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) kan lọ́dọ̀ ìyá, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá. Èyí tó gba kdr lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì ni oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Èyí tó ní ẹyọ kan, bí oògùn bá pé, yóò kú; bí kò bá pé, yóò yè, yóò sì fi jíìnì náà sílẹ̀ fún ọmọ. Nígbà tí kdr bá ṣì ṣọ̀wọ́n, ẹlẹ́yọ kan ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní i. Ìdí nìyẹn tí oògùn tí kò tó fi ń sọ ọ́ di púpọ̀ kíákíá. Ẹ wo ọgbà ẹ̀fọ́ tó wà létí ọ̀sà: wọ́n fín oògùn sára tòmátì tán, wọ́n ṣan páǹpù sínú kòtò omi tí wọ́n fi ń bomi rin oko. Tanwíjí wà nínú kòtò yẹn. Oògùn tó dà sí i kò lè pa gbogbo wọn, àmọ́ ó tó láti ṣà wọ́n, kó jẹ́ àwọn tó ní kdr ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀n. A ṣe é kí oògùn rẹ̀ lè gba fífọ̀ 20 àti ọdún 3. Èyí tí wọ́n fi ọṣẹ líle fọ̀, tí wọ́n sá sóòrùn, kì í débẹ̀. Abẹ́ ibòòji ni kí ẹ sá a sí.

Ọmọ Alákétu

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn ṣì ń ran ẹ̀fọn ni mo fẹ́ fi kún un, torí àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀.

Inú ọ̀pọ̀ kòtò ni kí ẹ ti bu tanwíjí. Àwọn tó wà nínú kòtò kan ṣoṣo lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, èsì wọn kò sì ní ṣojú ìlú. Ẹ tọ́ wọn títí wọn ó fi fò. Abo tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀, tó ti tó ọjọ́ 3 sí 5, ni kí ẹ lò. Akọ ni irun ìwo orí rẹ̀ kún bí ìyẹ́. Ẹ kó 25 sínú túùbù kọ̀ọ̀kan: túùbù 4 fún bébà deltamethrin 0.05%, túùbù 2 fún bébà tí kò ní oògùn. Ó di wákàtí 1, ẹ kó wọn sínú túùbù mímọ́, ẹ fi òwú tí a rẹ sínú omi ṣúgà 10% lé e lórí, kí ẹ sì ka òkú ní wákàtí 24. Èyí tí kò lè dúró, tí kò lè fò, òkú ni. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù bo àwọn túùbù náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbígbẹ afẹ́fẹ́ ni yóò pa wọ́n, ẹ ó sì rò pé oògùn ni.

Bí 98% tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá kú, oògùn ṣì ń ràn wọ́n. Bí kò bá tó 90%, kò ràn wọ́n mọ́. Tó bá bọ́ sáàárín, ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n túùbù aláìlóògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí òkú ibẹ̀ bá ju 20% lọ, ẹ da iṣẹ́ náà nù. Bó bá wà láàárín 5% sí 20%, ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: ká ní 10% kú níbẹ̀, tí 64% kú níbi oògùn, 64 yọ 10 ku 54, 100 yọ 10 ku 90, 54 nínú 90 jẹ́ 60%. 60% yẹn ni èsì yín.

Ẹ má sì yára di gbogbo ẹ̀bi ru kdr. Àwọn ẹ̀fọn kan ní ẹ́ńsáìmù tó ń tú oògùn ká kó tó dé iṣan. Ẹ fi àwọn mìíràn sórí bébà PBO 4% fún wákàtí 1 kí ẹ tó gbé wọn sórí deltamethrin, kí àwọn kan sì gba PBO nìkan. PBO ń dá ẹ́ńsáìmù náà dúró. Bí òkú bá fi 10% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lé ti deltamethrin nìkan, ọwọ́ ẹ́ńsáìmù wà níbẹ̀.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Jíìnì tó ń gba ẹ̀fọn là lè pa á lára níbòmíràn. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ ace-1, tí kì í jẹ́ kí oògùn bendiocarb ràn án. Ẹ̀fọn tó bá ní i méjì máa ń kú ju àwọn yòókù lọ lẹ́yìn tó ti kúrò ní tanwíjí, tí kò sì tíì fò. Níbi tí wọn kò ti fín bendiocarb, jíìnì yẹn kò ní èrè kankan láti jẹ. Ní 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fín in sára ògiri ilé ní Ouémé, ẹkùn tí Àjàṣẹ́ wà, nítorí pé ẹ̀fọn ti ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn àwọ̀n.

Kì í sì í ṣe oògùn nìkan ló ń yí agbo padà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòtò gbẹ, ìwọ̀nba ẹ̀fọn ló ṣẹ́kù. Jíìnì tó bá ṣe kòńgẹ́ wọn, ì báà wúlò, ì báà má wúlò, ni òjò àkọ́rọ̀ yóò sọ di púpọ̀. Bí akọ àti abo ẹ̀fọn ṣe ń gun ara wọn náà ń gbé e kiri: lára oríṣi ẹ̀fọn kan, Anopheles gambiae, ni kdr ti bọ́ sára ìbátan rẹ̀, Anopheles coluzzii.

Oògùn kan tó ń jẹ́ chlorfenapyr ni ìrètí mi báyìí. Kì í ṣe iṣan ló ń bá jà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára ni, kdr kò sì lè dí i lọ́wọ́. Ẹ́ńsáìmù tó ń tú deltamethrin ká gan-an ló ń sọ ọ́ di májèlé nínú ara ẹ̀fọn. Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi, àwọ̀n tó ní in pẹ̀lú pyrethroid dín ibà àwọn ọmọdé kù ní 46% láàárín ọdún 2, tí a bá fi wé àwọ̀n tó ní pyrethroid nìkan. Àmọ́ kò yára pa ẹ̀fọn. Ẹni tó bá ka òkú ní wákàtí 24 yóò rò pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ dúró di wákàtí 72.