Owó kò sí, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mi yẹ lẹ́ni tí à ń yìn: kí ni ẹ̀ ń ṣe níbiṣẹ́ tiyín?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Leeds
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa, ẹ sì kú òtútù. Oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n ti fi mí ṣe igbákejì mànéjà nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan níbí. Èèyàn mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ mi: ọmọ Nàìjíríà mẹ́fà, àwọn ará Zimbabwe àti Philippines, àti àwọn òyìnbó onílé. Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀ tí mo lè fi mú inú wọn dùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀gá ní kí a ra pizza fún gbogbo ilé. Nígbà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru fi máa wọlé, páálí òfìfo ni wọ́n bá lórí tábìlì. Ojú gbà mí tì. Àwọn méjì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, kì í sì í ṣe tìtorí owó nìkan. Ọ̀kan sọ fún mi pé, "Àǹtí, ọdún kejì rèé tí mo ti wà níbí, kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi dáadáa rí." Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ti ṣe tó ran iṣẹ́ yín lọ́wọ́?

Ìyá Ìbejì, Houston
Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú ìrójú. Ọ̀rọ̀ páálí òfìfo yẹn wọ̀ mí lára, nítorí èmi náà ti ṣiṣẹ́ òru rí.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń rán àwọn olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó. Gbogbo wa la mọ "yinni yinni, kẹ́ni lè ṣèmíì". Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé Yorùbá kì í kíni lófìfo. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tí kò sùn, ẹ kú àìsùn. Ohun tí ẹni náà ń ṣe gan-an la fi ń kí i. Bí mo ṣe ń yin àwọn òṣìṣẹ́ mi náà nìyẹn.

Màmá kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ òun, ariwo ni láràárọ̀. Olùtọ́jú mi kan dé ibẹ̀, ó kọ́kọ́ ki tówẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi bo èjìká màmá, ó wá fi kànrìnkàn lé e lọ́wọ́ pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ nu ojú. Màmá dákẹ́, ó gbà. Mo ra káàdì kékeré kan tí kò tó dọ́là méjì, mo fọwọ́ kọ ọ́: "Tówẹ́ẹ̀lì tí o mú gbóná ló jẹ́ kí màmá gbà láti wẹ̀. Mo rí i, ó sì jọ mí lójú." Káàdì yẹn ṣì wà lára fíríjì olùtọ́jú náà dòní. Àwọn yòókù bi í léèrè bó ṣe ṣe é, gbogbo wọn ló ń mú tówẹ́ẹ̀lì gbóná báyìí.

Ẹ̀kejì: mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ìkìrun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ọmọ yín ń ṣe yín lógo níbí. Àdúrà tí màmá fi dá mi lóhùn gùn, ọmọ náà sì sunkún níwájú mi. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ẹni náà, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí ará ilé mọ iṣẹ́ tí òun ń ṣe.

Tí o bá sì ń yin òṣìṣẹ́ nínú gúrúùpù WhatsApp, má dárúkọ arúgbó kankan o. Àṣírí wọn ni.

Onídìrí, Peckham
Mo gba ti Ìyá Ìbejì. Ohun tí n kò ní gbà ọ́ níyànjú láti ṣe ni kí o máa gbé fọ́tò "òṣìṣẹ́ tó dára jù lóṣù yìí" kọ́ sára ògiri. Mo ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, wọ́n ti ń ka ẹni tó kàn. Ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀, tó ń fọ tówẹ́ẹ̀lì, tí iṣẹ́ ò lè lọ láìsí i, kò débẹ̀ rí, nítorí kò sí oníbàárà tó ń dárúkọ rẹ̀. Mo já a lulẹ̀. Nísinsìnyí, tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ká tó tilẹ̀kùn, kálukú á sọ ohun kan tí ẹlòmíì ṣe tó ran òun lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, inú àkókò tí mò ń sanwó fún ló sì wà.

Bọ̀dá Oníṣirò, Croydon
Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó orí kún un, nítorí mo ti rí àwọn tó kọsẹ̀ níbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, HMRC, àjọ tó ń gba owó orí, gbà kí ẹ fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀bùn kékeré láìsan owó orí lé e, bí iye rẹ̀ kò bá ju £50 lọ. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tàbí fáọ́ṣà tí wọ́n lè pààrọ̀ sí owó, kò gbọ́dọ̀ sí nínú àdéhùn iṣẹ́. Èyí tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìkẹrin: kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èrè iṣẹ́ tó ṣe. Kéèkì ọjọ́ ìbí, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí ẹ bá fi káàdì £20 lé e lọ́wọ́ pé "ó ṣiṣẹ́ dáadáa lóṣù yìí", owó orí ti wọ̀ ọ́. Tó bá sì di £51, gbogbo £51 ni wọ́n máa bu owó orí lé, kì í ṣe £1 tó lé.

Ọ̀nà kan tún wà: ètò tí òṣìṣẹ́ fi ń dábàá bí iṣẹ́ ṣe lè túbọ̀ dára. Bí ètò náà bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, tí àbá náà kì í sì í ṣe ara iṣẹ́ tí ẹ gbà á fún, ẹ lè fún un ní ẹ̀bùn ìwúrí tí kò ju £25 lọ láìsí owó orí. Ìyá Ìbejì, lọ́dọ̀ yín ní Amẹ́ríkà, bí owó gan-an ni wọ́n ṣe ń wo káàdì ẹ̀bùn, ì báà jẹ́ dọ́là mẹ́wàá.

Alájì, Birmingham
Ẹ kú àpérò. Ilé ìtọ́jú ni èmi náà wà. Ẹ̀bùn tó tóbi jù tí mo fún àwọn òṣìṣẹ́ mi kò ná mi ní nǹkan kan: mo ń gbé rota, ìwé tó ń sọ ọjọ́ tí kálukú máa ṣiṣẹ́, jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, n kì í sì í yí i láìbéèrè. Ìyá ọmọ mọ ọjọ́ tí òun máa wá ẹni tó máa mú ọmọ nílé ìwé. Àwọn tó máa ń pè pé ara wọn ò yá dín kù.

Ti ọdún náà, a jọ pín in. Mùsùlùmí máa ń gba iṣẹ́ ọjọ́ Kérésì, Kìrìsìtẹ́nì á gba ti Iléyá, Kìrìsìtẹ́nì tó bá sì ṣiṣẹ́ Kérésì tó kọjá kò ní ṣe tọdún yìí. Ẹ tètè béèrè o, nítorí Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti ọdún tó kọjá. Nígbà ààwẹ̀, àsìkò ìṣínu ni mo máa ń fi ìsinmi wọn sí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà lọ́kàn mi. Àwọn kan nínú wọn, físà tí ilé iṣẹ́ fi mú wọn wá ló dì wọ́n mú. Bí mànéjà bá ń fi físà yẹn halẹ̀ mọ́ wọn lọ́jọ́ Ajé, kó má wulẹ̀ gbé káàdì ọpẹ́ wá lọ́jọ́ Ẹtì. Owó àkókò tí wọ́n fi ń lọ láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn náà, ẹ rí i pé ó pé. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Leeds
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n wá jábọ̀. Mo lọ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ní aago méjì òru, mo gbé móínmóín gbígbóná dání, mo jókòó tì wọ́n. Mo ní kí kálukú fi ohùn ara rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ sínú fóònù mi, mò ń tẹ́tí sí i nínú bọ́ọ̀sì láràárọ̀. Ti ará Zimbabwe kan ṣì ń le díẹ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tún un ṣe fún mi.

Ọmọ tiwa tó ráhùn yẹn, "Gb" ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. "Bee" ni gbogbo ilé ń pè é. Ọ̀gá gbà kí a tẹ bájì tuntun fún un, orúkọ rẹ̀ gùn láti etí kan dé èkejì, àmì ohùn pé lórí rẹ̀. Lánàá, bàbá òyìnbó kan ní yàrá 9 gbé ojú sún mọ́ bájì náà, ó bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń pè é, àwọn méjèèjì sì jókòó ti "gb" yẹn títí tíì fi tutù. Kò tíì gba ìwé tó fi fiṣẹ́ sílẹ̀ padà, àmọ́ ó ní kí n fún òun dìgbà tí oṣù yìí bá parí.

Alájì, ẹ bá mi ya fọ́tò rota ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ pa orúkọ wọn rẹ́ o.