Hawken ní 12/12/12: ṣé kọ̀ǹpútà mi àti dátà wa yóò gbé e?

Wẹ́dàMókọ́lá
14 Oṣù Kọkànlá 2012, aago 10:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wẹ́dà ni mí, ní Mókọ́lá, n'Íbàdàn. Géètì, bọ́gílárì, ẹsẹ̀ táǹkì omi, ohun tí mo ń fọwọ́ ṣe jẹun nìyẹn. Mo ní ìbéèrè lórí Hawken, géèmù orí kọ̀ǹpútà tí àwọn róbọ́ọ̀tì ńlá téèyàn ń wà ti ń bá ara wọn jà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó gùn díẹ̀.

Oṣù Kẹta ọdún tó kọjá ni èmi àti àbúrò mi kọ́kọ́ rí fídíò rẹ̀ ní káfé kan ní Sáńgo. Íntánẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà ń wọ́ bí ìgbín. Fídíò á lọ díẹ̀, á dúró, á tún lọ. Owó wákàtí méjì la san kí á tó rí i dé òpin, a sì tún un wò. Àbúrò mi ń wo ìbọn. Irin ni èmi ń wò. Róbọ́ọ̀tì inú géèmù míì máa ń dán bí ìkòkò tuntun, àwọn tibí yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà ń rọ̀ níhìn-ín, irin ti dógùn-ún lọ́hùn-ún, wọ́n lẹ páànù kan mọ́ orí òmíràn bí ìgbà téèyàn lẹ ojú táǹkì tó ń jò. Tó bá fò tó sì balẹ̀, gbogbo gíláàsì iwájú awakọ̀ ló ń mì. Adhesive Games ní Los Angeles ló ń ṣe é, wọn ò pọ̀ rárá, Khang Le ló sì ṣáájú níbi yíyà rẹ̀. Mò ń sọ ọ́ fún yín, ọkùnrin yẹn ti wo irin tí òjò pa dáadáa. Ó mọ ibi tó ti kọ́kọ́ ń dógùn-ún: etí ojú ibi tí wọ́n jó.

Àbúrò mi ti lọ sí Leeds láti oṣù Kẹsàn-án, ìwé ló bá lọ. Kó tó lọ, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, MechWarrior 4: Mercenaries tí wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2010 la sì ń gbá lórí ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nínú géèmù yẹn, ẹsẹ̀ róbọ́ọ̀tì lè máa lọ síbì kan kí àyà rẹ̀ kọjú síbòmíràn. A wá pín in. Kíbọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mò ń wa ẹsẹ̀. Máòsì wà lọ́wọ́ tiẹ̀, òun ló ń yí àyà tó ń yìnbọn. Bẹ́ńṣì kan, róbọ́ọ̀tì kan, èèyàn méjì. Tí mo bá sá sẹ́yìn òkè láìkọ́kọ́ wí fún un, gbogbo ilé á gbọ́ igbe ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú ó pè mí. "Bọ̀ọ̀dá mi, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ṣí Hawken fún gbogbo ayé, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ jẹ́ ká pàdé níbẹ̀." Mo ní kò burú. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sùn dáadáa.

Kọ̀ǹpútà mi, tòkunbọ̀ ni: ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Core 2 Duo 2.66, RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 2, kádì àwòrán GeForce 9600 GT ló wà nínú ẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ló wà. Módẹ́ẹ̀mù 3G ni mo fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wo ping, ìyẹn àkókò tí ìsọfúnni fi ń lọ tó sì fi ń bọ̀, sí sáfà kan ní London, mílísẹ́kọ́ńdì 190 ló ń mú wá lọ́sàn-án, ó máa ń dé 260 nígbà míì. Kádì báńkì mi náà, ilé ìtajà òkèèrè kan ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ pé "ọ̀fẹ́" tí wọ́n ń wí, ẹni tó bá san dọ́là nìkan ló máa ríbọn gidi gbé, ẹ sọ fún mi báyìí kí n tó ra dátà.

---

Ará_Peckham
15 Oṣù Kọkànlá, aago 7:15 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti 26 oṣù Kẹwàá tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò fún àwa tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ni mo ti wà nínú ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìwúwo tẹ́ ẹ rí nínú fídíò, ojú àti etí lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọwọ́. Géèmù náà yára. Jẹ́ẹ̀tì wà lára róbọ́ọ̀tì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó sọ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó gbé yín gun òrùlé. Epo jẹ́ẹ̀tì máa ń tán, ẹ ní láti dúró kó kún padà, àkókò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń pa èèyàn. Ìbọn náà máa ń gbóná, tó bá sì ti gbóná jù, kò ní yìn mọ́ àfi tó bá tutù. Ìpele mẹ́ta ni róbọ́ọ̀tì pín sí, A ló fúyẹ́ jù, C ló wúwo jù. Mo lérò pé C ni tiyín.

Ibi tí mo rántí yín sí ni àtúnṣe. Tí wọ́n bá ti lù yín bà jẹ́, ẹ sá wọ ẹ̀yìn ilé kan, ẹ di lẹ́tà C mú lórí kíbọ́ọ̀dù. Róbọ́ọ̀tì á dákẹ́ fin-ín, ẹ̀rọ kékeré kan á jáde, á máa tún ara ẹ̀ ṣe. Ẹ ò lè gbé ẹsẹ̀ kankan títí ẹ ó fi dáwọ́ dúró. Ẹ ó máa gbọ́ tí wọ́n ń kọjá lẹ́yìn ògiri. Àyà mi máa ń já níbẹ̀ ju ojú ìjà lọ.

Èyí tẹ́ ẹ̀yin àti àbúrò yín máa gbádùn jù ni Siege. Mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà. Ẹ lọ kó agbára jọ láti ibùdó rẹ̀, ẹ gbé e wálé, tó bá ti pé, ọkọ̀ ogun ńlá kan á gbéra lójú ọ̀run, á máa rọra lọ sí ilé ọ̀tá. Ẹni tó bá di ibi ìbọn tó wà láàárín mú lè fi já ọkọ̀ yẹn bọ́. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti ní láti dúró ṣọ́ nǹkan kí ẹnì kejì lọ kó ẹrù wá. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

---

Okùn_Abẹ́_Òkun
15 Oṣù Kọkànlá, aago 1:02 ọ̀sán

Iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì ni mò ń ṣe l'Ékòó, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ping yẹn, torí àwọn èèyàn wa máa ń rò pé jíjìn tí London jìn ló fà á. Jíjìn rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. MainOne, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun tó gúnlẹ̀ l'Ékòó ní 2010 wá láti Pọtogí, nǹkan bíi kìlómítà 7,000 ni. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn gíláàsì ń sáré tó kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá ṣírò àlọ àti àbọ̀, mílísẹ́kọ́ńdì 70 ni. Ẹ fi díẹ̀ kún un fún Pọtogí sí London. Ibo wá ni 190 ti wá? Láàárín módẹ́ẹ̀mù yín àti òpó nẹ́tíwọọ̀kì tó wà ládùúgbò yín ni. Gbogbo ará Mókọ́lá ló jọ ń pín òpó yẹn lọ́sàn-án.

Nítorí náà, ẹ ra okùn USB gígùn, mítà mẹ́ta tó, kẹ́ ẹ so módẹ́ẹ̀mù kọ́ ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó. Inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù tẹ́ ẹ gbé e sí yẹn burú fún un. Páànù ń dí i lọ́nà. Ẹ máa gbá a lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́. Kẹ́ ẹ sì pa gbogbo ohun tó ń fa dátà lábẹ́lẹ̀, pàápàá àtúnṣe Windows.

Nípa ìbọn, mo ti wo fídíò wọn. Ẹ má lọ gbé ìbọn ọlọ́nà jíjìn, ping yín ò ní jẹ́ kó bá ẹnikẹ́ni. TOW ni kẹ́ ẹ dì mú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín bẹ́ ẹ lójú ọ̀nà, ìbúgbàù rẹ̀ á kan ẹni tó wà nítòsí kódà bí ẹ ò bá gbà á lójú. Nẹ́tíwọọ̀kì tó ń fà á dárí ji irú ìbọn bẹ́ẹ̀.

---

Wẹ́dàMókọ́lá
15 Oṣù Kọkànlá, aago 9:30 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Ará Peckham, mo ka ọ̀rọ̀ àtúnṣe yẹn fún ọmọṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá Okùn, mo ti gbé módẹ́ẹ̀mù jáde síta pẹ̀lú okùn tí mo yá, 175 ló mú wá lálẹ́ yìí. Mi ò mọ̀ rí pé páànù orí mi ló ń dí mi lọ́nà.

---

Ìyá_Ìbejì_Akóbọ̀
16 Oṣù Kọkànlá, aago 6:50 àárọ̀

Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú àárọ̀. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì, kò sẹ́ni tó rí ohun tẹ́ ẹ sọ láàárín ọ̀rọ̀: inú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ni kọ̀ǹpútà wà. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí, ẹ má dúró dọ̀la.

Ẹ̀rún irin tó ń ta lójú gíráńdà máa ń fò wọ inú kọ̀ǹpútà, fáànù ló sì ń fà á wọlé. Eruku lásán ń mú un gbóná ni. Ẹ̀rún irin ń gbé iná. Ó bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ méjì lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ó parí. Mo ti rí mẹ́ta tó kú báyẹn, tàwọn wẹ́dà méjì àti ti ẹnì kan tó ń gé álúmínọ́ọ̀mù. Ẹ̀kejì, tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kan náà lẹ fi ń gbé ẹ̀rọ wẹ́dà àti kọ̀ǹpútà, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fi ẹlẹ́kítíródù kan irin ni iná ń lọ sílẹ̀ lójijì tó sì ń fò sókè padà. Pọ́wà-sọ́pùláì ò lè fara da ìyẹn pẹ́.

Ẹ ṣí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbọn gbogbo ẹ̀, ẹ mú fáànù dání kó má yí. Lẹ́yìn náà ẹ wá RAM gígábáìtì 2 míì kún un. Ẹ ó rí tòkunbọ̀ rẹ̀ ní Queen Cinema. 9600 GT ti dàgbà, àmọ́ Unreal Engine 3, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù, ni wọ́n fi kọ́ Hawken, kì í sì í nira jù fún kádì àtijọ́. Ẹ sọ àwòrán kalẹ̀ sí 1280×720, ẹ pa òjìji, ẹ pa PhysX tó ń ṣe ẹ̀fọ́ àti ẹ̀rún tó ń fò. Ẹ ó rí i gbá. Irin yẹn ò kàn ní dógùn-ún tó bó ṣe rí ní káfé.

---

Jenner35
17 Oṣù Kọkànlá, aago 11:20 alẹ́

Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ó jọ pé géèmù tí kì í ṣe tiyín lẹ ń retí. Láti 29 oṣù Kẹwàá ni wọ́n ti ṣí MechWarrior Online fún gbogbo èèyàn. Piranha Games ní Vancouver ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ lòun náà. Mẹ́jọ kọjú sí mẹ́jọ, tẹ́ ẹ bá kú, ẹ ti kú, àfi tí ìjà mìíràn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ lọ síbì kan, àyà síbòmíràn, bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Róbọ́ọ̀tì Jenner tí mò ń wà jẹ́ tọ́ọ̀nù 35. Atlas jẹ́ 100, tó bá yọ lẹ́yìn òkè ẹ ó mọ̀ nínú ikùn yín. Ooru níbẹ̀ kì í ṣe ti ìbọn nìkan, gbogbo ara róbọ́ọ̀tì ló ń gbóná, tó bá pọ̀ jù á kú sójú ogun. Ní Caustic Valley tó jẹ́ ilẹ̀ gbígbóná, kíá ló ń dé bẹ̀. Ní Frozen City, yìnyín á bá yín mú un tutù.

Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́: owó méjì ló wà. C-Bills, ìjà lẹ fi ń pa á. MC, dọ́là lẹ fi ń rà á. Mi ò tíì san kọ́bọ̀. Róbọ́ọ̀tì àyálò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kò ṣeé yí padà, àmọ́ kì í gba owó àtúnṣe. Èyí tó bá jẹ́ tiyín, lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan ẹ ó sanwó kí wọ́n tó jó irin ẹ̀ padà, ẹ ó tún ra ọta. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko wa àyálò kí n tó lè ra Jenner.

Ibi tó ti dùn mí ni ping. Àríwá Amẹ́ríkà ni sáfà wọn wà, èmi sì ń wọlé láti Oǹdó pẹ̀lú 250. Lésà yẹ kó bà lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ibi tí sáfà rí ọ̀tá sí ló ń kà. Róbọ́ọ̀tì tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ti lọ mítà méje láàárín ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Iwájú rẹ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan ni mo ń yìnbọn sí. Mo ti mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

---

Wẹ́dàMókọ́lá
11 Oṣù Kejìlá 2012, aago 11:05 alẹ́

Ẹ̀yin ará mi, ó ku ọ̀la.

Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á bá yín tọ́ àwọn ìbejì. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo fi aṣọ wé mágínẹ́ẹ̀tì, mo sì fi í wo ìdí káàsì níta lẹ́yìn tí mo ti yọ gbogbo ohun inú ẹ̀, ẹ̀rún irin tó lẹ̀ mọ́ ọn kún ṣíbí kan. Ó ti wà nínú yàrá mi nílé báyìí. Mo ra RAM náà. Módẹ́ẹ̀mù ń bẹ lójú fèrèsé, mo fi ọ̀rá bò ó nítorí ìrì. 160 ni mo rí lóru àná.

Jenner35, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, òótọ́ sì ni. Ìwúwo tí mò ń wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló wà, mo máa dé bẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun. Àmọ́ Hawken lèmi àti àbúrò mi jọ wò ní Sáńgo. Òun ló pè mí sí, ibẹ̀ ni mo máa lọ bá a.

Mo bi í lórí fóònù lánàá pé báwo la ṣe máa pín in lọ́tẹ̀ yìí, ta ló máa wa ẹsẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, oníkálukú ló máa ní ẹsẹ̀ tiẹ̀." Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe mí bákan nígbà tó wí i. Mo ní kó má sá jìnnà sí mi, ping tiẹ̀ dáa ju tèmi lọ, ó lè fi mí sílẹ̀ láìmọ̀. Ó ní òun ó máa wẹ̀yìn.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ọ̀la la dá fún ara wa, mẹ́wàá tiwọn ní Leeds. Bí wọn ò bá tíì ṣí i nígbà yẹn, a ó jọ jókòó dè é. Mo ti ra lítà epo mẹ́wàá sínú kẹ́ẹ̀gì, mo sì ti sọ fún ọmọṣẹ́ mi pé kó má retí mi ní ṣọ́ọ̀bù kí aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó lù.