Ìdí ọmọ mi ń yọ síta, ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ni àbí aràn?

Ìyá Ẹ̀bùn: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo gbé wá lálẹ́ yìí, ọkàn mi ò balẹ̀ ni. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 6, ó ti tó oṣù 3 tó ti ń yàgbẹ́ ọ̀rìn, díẹ̀díẹ̀ ló ń wá, ó ń fà bí ikun imú, ẹ̀jẹ̀ á wà níbẹ̀, á jókòó sórí póò títí nǹkan gidi ò ní jáde. Àná ló wá dìde báyìí ni mo rí i pé ìdí ẹ̀ ti yọ síta, pupa yòò, ó tó tòmátì kékeré. Mo figbe ta! Ìyá ọkọ mi ló bá mi tì í padà. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé nǹkan dídùn ló ń jẹ jù, a ti fún un lágbo títí, kò gbọ́. Lóṣù tó kọjá mo ra oògùn aràn ẹyọ kan fún un ní kẹ́míìsì, mi ò rí aràn kankan kó jáde, mo wá ní á jẹ́ pé kì í ṣe aràn nìyẹn. Ọmọ ti rù, ojú ẹ̀ funfun, ó tún máa ń ha yẹ̀pẹ̀ ara ògiri jẹ. Kí ni kí n ṣe?

Màmá Àgbà: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Jẹ̀díjẹ̀dí ni o. Gba súgà lọ́wọ́ ẹ̀, kó o tún àgbo náà sè kó kan dáadáa.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Màmá, ẹ kú àtìlẹ́yìn wa, mà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n dá sí i. Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ gbé e lọ ṣe test ìgbẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má fi falẹ̀. Aràn kan wà tí wọ́n ń pè ní whipworm, pàṣán ni wọ́n fi ṣàpèjúwe ẹ̀, ìdí ẹ̀ ki bí ibi tá a ti ń di pàṣán mú, apá orí wá tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, gbogbo ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 lọ. Apá tín-ín-rín yẹn ló ń kì bọ inú ara ìfun ńlá, ibẹ̀ ló ń há sí, ìyẹn lẹ ò fi rí i, kò dà bí èyí tó gùn bí ekòló tó máa ń bá ìgbẹ́ jáde. Tó bá jẹ́ díẹ̀ ọmọ ò ní mọ̀ rárá. Tó bá ti pọ̀ rẹpẹtẹ, ìfun á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á máa ṣe ọmọ bíi pé ìgbẹ́ ò tíì tán, ibi tó ti ń fi agbára tì í náà ni ìdí ti ń yọ. Súgà kọ́ o.

Ní ti oògùn ẹyọ kan yẹn, tí ọmọ 10 tó ní whipworm bá gbé albendazole ẹyọ kan mì, bíi 3 péré ló máa tán lára wọn pátá. Ọjọ́ 3 léra la sábà máa ń lò ó, dókítà míì á fi ivermectin kún un. Ẹ má dá a rà o, kí wọ́n wo PCV ẹ̀ náà, ìyẹn test tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára ẹ̀, torí ojú tẹ́ ẹ ní ó funfun yẹn. Tí ìdí bá tún yọ, ẹ fọwọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù rọra tì í wọlé, tí ò bá wọlé tàbí tó dúdú, jẹ́nẹ́rà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lóru yẹn.

Bàbá Ìbejì: Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹyin ẹ̀ dà bí àgbá kékeré tí wọ́n fi nǹkan dí lójú méjèèjì, èèyàn ò lè ṣì í mú. Abo kan á yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́. Ẹyin tó jáde lónìí ò lè ran ẹnikẹ́ni lónìí, á lo bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 nínú yẹ̀pẹ̀ tútù lábẹ́ òjìji kó tó lè ran ẹni tó bá gbé e mì pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀. Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ilé yín, níbo làwọn ọmọdé ti ń yàgbẹ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èèyàn bíi bílíọ̀nù 1.5 làwọn aràn inú ilẹ̀ wà lára wọn, síbẹ̀ wọ́n pa á tì torí kì í pààyàn kíákíá, ọmọ tálákà ló sì ń ṣe. Ó ń dùn mí gan-an.

Ìyá Ẹ̀bùn: Ẹ káàsán o. Whipworm ni lóòótọ́, PCV ẹ̀ 24, wọ́n ti fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ àti ti ọjọ́ 3. Ẹ̀yìn ṣálángá àwọn ará ilé kejì gan-an ni wọ́n ti ń fi yẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀ ṣeré, mi ò fojú sí i rí. Àbúrò ẹ̀ ọlọ́dún 3 ńkọ́?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ gbé òun náà lọ, kẹ́ ẹ sì tún test Ẹ̀bùn ṣe lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 3.

Màmá Àgbà: Nọ́ọ̀sì, ọmọ ọmọ mi náà ń jẹ yẹ̀pẹ̀ o. Aago mélòó ni wọ́n ń ṣí láàbù yẹn?