Irú ọta wo ló yẹ ẹ̀rọ ìlọ gíléèsì?

Amọ̀kòkò Mọ́níyà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi mọ́tò ẹ̀rọ ìfọṣọ àlòkù ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ike, kí n lè máa lọ gíléèsì, èyí tí a ń kùn sára ìkòkò kó lè dán bíi gíláàsì, fúnra mi. Mẹkáníìkì àdúgbò wa fún mi ní ọmọ béárìn, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké, ó kún agolo mílíìkì. Mo dà á sínú ike pẹ̀lú gíléèsì kó máa lọ̀ ọ́, ó yí mọ́jú. Gíléèsì funfun ni mo lọ̀ o! Ìgbà tí mo kó ife jáde nínú iná, tó-tò-tó ni gbogbo wọn bí ìyẹ́ ẹtù. Ọ̀rẹ́ mi wá ní kí n yọ́ òjé inú bátìrì, kí n fi dá bọ́ọ̀lù, pé ó wúwo, á tètè lọ̀ ọ́. Ṣé kí n ṣe é?

Ìyá Oníkòkò: Òjé kẹ̀? Àbúrò, má dán an wò. Ohun tó ń lọ nǹkan, òun náà ń lọ̀ mọ́ ọn. Ṣé o mọ bí ata orí ọlọ tuntun ṣe máa ń ní yanrìn? Irin béárìn ló wọ gíléèsì rẹ. Ẹwà nìyẹn bàjẹ́. Òjé ní tiẹ̀, ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́. Ife tí èèyàn máa fi mu tíì!

Bàbá Ààrò: Ní Zamfara lọ́dún 2010, òkúta góòlù tó ní òjé nínú ni wọ́n kó wálé, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìlọkà lọ̀. Ọmọdé bí 400 ló kú. Ra bọ́ọ̀lù àlúmínà, ìyẹn irú bọ́ọ̀lù funfun kan tí wọ́n fi iná sun bí ìkòkò. Ó le ju irin lọ, bó bá sì lọ̀ mọ́ gíléèsì díẹ̀, funfun náà ni.

Ẹlẹ́rọ: Kí bọ́ọ̀lù kún ike dé ìdajì, ńlá àti kékeré. Kí omi gíléèsì kàn bò wọ́n. Bí ike bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, bí ìgbà 60 sí 65 ni kó yí ní ìṣẹ́jú kan. Fetí sí i: ó yẹ kó máa ró bí òkúta tó ń ya lẹ́yìn típà. Bó bá ń yí tí kò ró, ó ti sáré jù, bọ́ọ̀lù ti lẹ̀ mọ́ ara ike.

Amọ̀kòkò Mọ́níyà: Owó àlúmínà ò tíì sí. Ọta odò ńkọ́?

Ìyá Oníkòkò: A lò ó rí. Fọ́ ọ̀kan wò. Bí inú rẹ̀ bá funfun láìní ìlà pupa, kó o. Wọ̀n wọ́n kí o tó lò wọ́n, tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ bí wọ́n bá ti gbẹ. Ohun tó bá dín, inú gíléèsì ló wà. Omi ni kí o fi máa lọ̀ ọ́ o, eruku òkúta yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Amọ̀kòkò Mọ́níyà: Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rẹ́ ọlọ́jé ti ka èsì yín. Ó ní òun ń ṣeré ni.