"Ẹ̀bùn ọ̀fẹ́" kọ́, ọjà ọ̀yà ni

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkẹ́rẹ́ ní ká máa pe ọjà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kọ àgbéyẹ̀wò ní "ẹ̀bùn ọ̀fẹ́". Ẹ jọ̀ọ́ sà, n ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀bùn wo ni kì í ṣe ọ̀fẹ́ ná? Bí a bá sì pè é bẹ́ẹ̀, a ti ṣi ẹni tó yẹ kó san owó orí lọ́nà.

Ẹ wo Vine ní Amẹ́ríkà, ètò tí Amazon, ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fi ń fi ọjà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ àgbéyẹ̀wò. Ẹni tó ń kọ àgbéyẹ̀wò kì í san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá iye lé ọjà náà nítorí owó orí. Tí àròpọ̀ ọdún bá tó $2,000 ($600 ni kí ọdún 2026 tó dé), wọ́n á kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù 1099-NEC, èyí tí wọ́n ń kọ fún agbaṣẹ́ṣe, ìjọba á sì gba ẹ̀dà tirẹ̀. Láti 1960 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ti sọ pé ohun tó bá ti inú rere wá, tí olùfúnni ò retí nǹkan kan padà, ni òfin owó orí ń pè ní ẹ̀bùn. Vine sì ń retí àgbéyẹ̀wò.

Ẹnì kan mú "èènì" wá. Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó ti sanwó ni ìyá ẹlẹ́wà ń ṣe èènì fún. "Ìtọ́wò" sún mọ́ ọn díẹ̀: gàrí tí mo jù sẹ́nu ní Ọjà Ọba l'Ádó, ta ni yóò bi mí ní owó orí rẹ̀? Vine gan-an ń kọ òdo sí iye ọ̀pọ̀ nǹkan jíjẹ. Ṣùgbọ́n ta ní ń tọ́ fíríìjì wò?

Èyí tó dà mí láàmú ni ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjerò: ṣé iyán tí a jẹ níbi ọ̀wẹ̀ náà ti di owó iṣẹ́ nìyẹn? Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Mà, bí iyán ò bá tó, n kì í ju ọkọ́ sílẹ̀, torí ẹni mi ló pè mí. Ẹnikẹ́ni ò sì kọ iye sára òkèlè. Ní ti Vine, ẹni tí kò bá kọ àgbéyẹ̀wò tó, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú ètò náà.

Nítorí náà, "ọjà ọ̀yà" ni mo mú wá, bí a ṣe ń sọ pé owó ọ̀yà. Ewu kan wà ṣá: ẹ fi àmì sí i o. Láìsí àmì, ẹran òyà ni àwọn èèyàn wa máa rò, wọ́n á sì máa béèrè pé èló ni itan.