Éńtẹ́nà dual-pol fún 1710 sí 2690 MHz: báǹdì ò fẹ̀ tó, isolation náà ò gòkè

OmoRF: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Éńtẹ́nà dual-pol ±45° (ìgbì ẹ̀ ń jáde ní ìhà méjì tó dábùú ara wọn) fún máàsìtì fóònù ni mò ń ṣe nínú HFSS (sọ́fúwíà tí a fi ń dán éńtẹ́nà wò lórí kọ̀ǹpútà), dipole (éńtẹ́nà alápá méjì) méjì tó dábùú ara wọn, mo gbé wọn sókè 34 mm lórí reflector (pátákó irin tó ń dá ìgbì padà síwájú). Mo fẹ́ kí báǹdì fóònù 1800, 2100 àti 2600 MHz jọ wà lórí ẹyọ kan, kí VSWR (ìwọ̀n tó ń fi iná tó ń ta padà hàn, 1 ló dára jù) má kọjá 1.5, àmọ́ 1.85 sí 2.3 GHz nìkan ló ń gbà, isolation pọ́ọ̀tì méjèèjì (bí iná ọ̀kan kò ṣe ń jò sí èkejì tó) sì wà ní 22 dB, 30 ni wọ́n fẹ́. Apá dipole mi fẹ̀ tó 4 mm, FR4 (pátákó fáíbà tí wọ́n ń tẹ kọ́pà sí) ni mo lò. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Baba_Masti: Àbúrò, apá yẹn ti tín-ín-rín jù. Tí dipole bá rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan péré ni frequency máa sún tí impedance ẹ̀ (bó ṣe ń dènà iná sí) á ti yí. Jẹ́ kí apá yẹn fẹ̀, tàbí kó o gbẹ́ inú ẹ̀ kó ku etí ẹ̀ nìkan. Wá wo dipole kejì tó ò fún níná o, kò kàn jókòó lásán, tí àyè àárín àwọn apá bá há dáadáa, iná á ta sí i lára, resonance kejì (ibi tó ti ń gba iná dáadáa) á jáde, á wá so mọ́ àkọ́kọ́, báǹdì á fẹ̀. Nǹkan bíi 45% ni 1710 sí 2690 ń bèèrè, dipole kan ṣoṣo ò lè dá a gbé. Máa yí àyè yẹn díẹ̀díẹ̀, má wo S11 (iná tó ń ta padà) nìkan, ṣí Smith chart (àwòrán róbótó tó ń fi impedance hàn): tí ìlà ẹ̀ bá ń ká róbótó nítòsí àárín, ọ̀nà lo wà yẹn.

Iya_Balun: Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti báǹdì. Ní ti isolation, ibi tí feed (ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé) méjèèjì ti pàdé ní àárín ni kó o lọ wò. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba abẹ́ èkejì kọjá, jẹ́ kí afárá yẹn kúrú kó sì wà láàárín gbùngbùn gan-an, torí tó bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, iná pọ́ọ̀tì kìíní á máa jò sí ìkejì. Má gbàgbé beamwidth (bí ìgbì ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó níwájú) náà o, máàsìtì onísẹ́kítọ̀ mẹ́ta, 65° ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, ó sì máa ń tú ká nísàlẹ̀ báǹdì. Ká etí reflector sókè, á kó o jọ.

OmoRF: Ẹ ṣé gan-an, ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti fẹ apá yẹn, ó ti ń gbà dé 2.5. Tí mo bá fẹ́ kàn án, ṣé mo lè fi nọ́ọ̀tì irin de kọ́pà mọ́ reflector alumíníọ́mù?

Baba_Masti: Rárá o! Ibi tí irin méjì ti fara kanra tí wọn ò lẹ̀ dáadáa ni PIM (ìgbì àjèjì tó ń jáde nígbà tí frequency méjì bá pọ̀ mọ́ra) ti ń wá, HFSS ò sì ní fi hàn ẹ́, VSWR náà á dára lójú. Ìgbà tí wọ́n bá ti ìgbì 20 W méjì sí i láti dán an wò lo máa tó rí i, nígbà tó jẹ́ pé −150 dBc (dB sí ìgbì tí wọ́n tì wọlé) tàbí kó tún relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Jó ibi tí iná ń gbà pẹ̀lú sódà (solder), kó o wá fi ike di ìyókù mú.