«Oríkèé gbogbo ayé» kọ́ ni U-joint

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀yọ́ gbé kalẹ̀, pé kí a máa pe U-joint inú ásù iwájú ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì (irin tó so ọ̀pá méjì pọ̀ kí wọ́n lè máa yí pọ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ṣẹ́ igun) ní «oríkèé gbogbo ayé», ó bí mi nínú gan-an. Kí ni gbogbo ayé ń wá nínú ásù? Òyìnbó ní «universal», wọ́n sì kó o wọlé bẹ́ẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó fún wa ní ẹwìrì, owú àti ẹ̀mú, iṣẹ́ ọwọ́ nǹkan ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Nǹkan yẹn kò tilẹ̀ bá gbogbo ayé mu. Tó bá ti ṣẹ́ igun, ọ̀pá òdìkejì á yára, á tún falẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí sítíárìn fi ń jà lọ́wọ́ tí wọ́n bá ki fọ́ọ̀-wíìlì tí wọ́n sì yí i dé òpin. Oríkèé oníbọ́ọ̀lù, èyí tí kì í yára kì í falẹ̀ bẹ́ẹ̀ (CV joint), ló wà níwájú Land Cruiser 80. Jeep Wrangler TJ ló lo èyí tí à ń wí. Orúkọ tí kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń ra páàtì mọ èwo lòun ń rà, kí la fẹ́ fi ṣe?

«Alágbélébùú» ni mo fara mọ́. Irin tí a gbé dábùú ara wọn ni, apá mẹ́rin, ife irin mẹ́rin tó bo orí apá kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Jámánì náà fi àgbélébùú pè é: Kreuzgelenk. Ṣùgbọ́n «onígbélébùú» tí àbúrò wa ará Ògbómọ̀ṣọ́ kọ, rárá o! Níbo ni à- wọlé sí? Ta ló ń pe alákàrà ní oníkàrà? Ẹni tó sì ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìbú inú rẹ̀ ńkọ́, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló bí i?

Ẹ fi iṣẹ́ dán orúkọ wò. Lára TJ yẹn, kí jáàkì tó gbé e ni kí ẹ ti dẹ nọ́ọ̀tì àárín wíìlì, sọ́kẹ́ẹ̀tì 36. Ẹ fi wáyà so kálípà rọ̀, kó má fi páìpù búréèkì gbé ara rẹ̀. Ẹ lọ sẹ́yìn họ́ọ̀bù, ẹ tú bóòtù mẹ́ta, sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 onígun méjìlá, tó di họ́ọ̀bù mọ́ oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ rí i? Oríkèé kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni ẹsẹ̀ iwájú fi ń yí sọ́tùn-ún sósì! Ẹ fa ásù jáde gbọọrọ. Tó bá ha ọ́ọ̀lì síìlì inú lára, ọ́ọ̀lì á máa jò.

Ẹ yọ lọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di ife mú. Lórí báísì, sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré á ti ife kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá á gba ìkejì lódìkejì. Ẹ nu ihò etí ásù títí ìpẹtà á fi tán. Dídá tuntun padà ló le. Abẹ́rẹ́ inú ife, irin tín-ín-rín tí apá ń yí lórí wọn, wà ní ìdúró yíká, gírísì nìkan ló mú wọn. Tí ọ̀kan bá ṣubú sí ìdí ife, ife kò ní wọlé tán, ojú lọ́ọ̀kì kò sì ní hàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé hámà, abẹ́rẹ́ á sì fọ́. Ẹ fà á yọ, ẹ to abẹ́rẹ́ padà. Tí lọ́ọ̀kì bá ti wọlé tí alágbélébùú sì gan, ẹ fi hámà gbá etí ásù díẹ̀ kí ife lè sún mọ́ lọ́ọ̀kì, á rọ̀ lọ́wọ́. Ìwọ̀n tí ẹ ó fi fún bóòtù họ́ọ̀bù, 75 ft-lb. Nọ́ọ̀tì àárín, 175 ft-lb, pẹ̀lú pín-ìnnì tuntun tí kò ní jẹ́ kó tú.

Ó ku ti ìyá wa tó ní «ìdérí» ni ká máa pe ife. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, mi ò lè gbà. Ìdérí kì í gba nǹkan sínú, abẹ́rẹ́ sì wà nínú èyí. Tí ẹ bá ní «fìlà», a lè jọ jiyàn rẹ̀.